Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún Tí Wọ́n Pè Ní Wákàtí Mẹ́ta

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Iye tí wọn kò fẹ́ kó dé etí ẹnikẹ́ni nìyẹn. Nínú lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ wa kọ sí àwọn oníbàárà, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n pè é. Mo wà nínú yàrá tí wọ́n ti sọ ọjọ́ mọ́kàndínlógún di wákàtí mẹ́ta, mo sì fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kí n fẹ̀yìntì, mo sì fẹ́ lọ sílé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, tí ẹ ní kí àwa àgbà wá sọ tiwa, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú àgbà tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fi ọdún méjìdínlógójì ṣe: èmi ni mo máa ń pinnu ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Irinṣẹ́ yí padà lẹ́ẹ̀mẹta lójú mi, orúkọ iṣẹ́ náà yí padà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò yí. Ìpè kan dé; ìwọ ni wàá wo ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ; ìwọ ni wàá sọ pé ọ̀nà báyìí ni kó gbà. Bí o bá ṣe é dáadáa, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé o wà láyé. Bí o bá ṣì í ṣe, àṣírí ọmọlúàbí yóò tú sójú pópó. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà lásán ni à ń tẹ̀, ẹ sọ fún un pé irọ́ ló ń pa.

Sabon Gari, ní Kano, ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, aṣọ ni ó ń tà ní Kantin Kwari, ó sì ti pinnu pé olùkọ́ ni èmi yóò jẹ́. Mo ka ìmọ̀ físíìsì ní yunifásítì, mo jáde, ilé-iṣẹ́ kan ní Bompai gbà mí. Owó tí wọ́n ń san kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ìdí pátákó tẹlifóònù ni wọ́n fi mí sí. Pátákó ńlá ni, ó kún fún ihò bí afárá oyin, okùn onírin sì ń rọ̀ níwájú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pè, iná kékeré kan yóò tàn. A ó fa okùn, a ó kì í bọ ihò ẹni tí wọ́n ń wá. Ọ̀gá tó ni pátákó náà ni Bàbá Ládípọ̀, ọmọ Ọ̀ffà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín kí agogo méjìlá tó lù. Oṣù méjì gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan okùn. Ó ya páálí, ó fi bírò kọ òfin mẹ́fà sí i, ó kàn án mọ́ ògiri. Òfin kìíní: ìpè tó bá jẹ́ ti iná tàbí jàǹbá, so ó mọ́ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ lójú ẹsẹ̀. Òfin kejì: ìpè tó bá ti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì wá, so ó mọ́ ilé ìwòsàn, má sì tẹ́tí sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ sísàlẹ̀, títí dé òfin kẹfà: ìpè yòówù tí a kò dárúkọ lókè, jẹ́ kó dúró lọ́dọ̀ akọ̀wé.

Àṣà tí bàbá náà fi tọ́ mi ni pé, fún ìpè kọ̀ọ̀kan, kí n fi ìka sí ìlà òkè pátápátá, kí n máa kà á sétí ara mi: èyí kọ́, èyí kọ́, èyí ni. Níbi tí mo bá ti sọ pé èyí ni, ìka gbọ́dọ̀ dúró. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò kàn mí mọ́.

"Ọmọ yunifásítì, ìka rẹ dà?"

"Mo ti há a sórí, sà."

"Orí máa ń fo ìlà. Ìka kì í fò. Gbé e síbẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo lọ bu omi mu, ó yọ páálí náà, ó tún òmíràn kọ, ó gbé òfin kẹfà lọ sókè pátápátá, ó sì kàn án padà láìsọ fún mi. Ó wọ yàrá kejì, ó fi tẹlifóònù pè mí. "Iná! Iná ní ilé ìkẹ́rùsí!" Mo fa okùn, mo so ó mọ́ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́, inú mi sì dùn sí bí ọwọ́ mi ṣe yá tó. Bàbá Ládípọ̀ jáde wá, ó dúró lẹ́yìn àga mi.

"Kí ni ìlà àkọ́kọ́ wí?"

Mo wò ó. Ẹnu yà mí. "Ó ní kí gbogbo ìpè dúró lọ́dọ̀ akọ̀wé, sà."

"Kí ló dé tí o fi kọjá rẹ̀?"

"Nítorí pé iná ni, sà."

"Àánú ló ṣe ọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ènìyàn ni ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ń bọ̀ tí àánú kò ní ṣe. Yóò dúró níbi ìlà àkọ́kọ́, ilé yóò sì jó kanlẹ̀. Ta la ó mú nígbà náà, ẹ̀rọ ni àbí ẹni tó kọ ìlà?"

"Ẹni tó kọ ìlà, sà."

"Ó kéré tán, o mọ ìyẹn." Ó fa páálí náà ya, ó sì fún mi ní tuntun kí èmi fúnra mi kọ ọ́. Ó tún gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan fún mi: ọwọ́ yòówù tó bá fẹ́ yí òfin padà, kí ọwọ́ náà kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù, kó tó kan ohunkóhun. Ìwé kọ́kọ́, ọwọ́ tẹ̀lé e. Ó ní bí òun bá rí òfin tí a yí láìkọ, òun yóò dá mi padà sọ́dọ̀ bàbá mi kí n lọ máa ká aṣọ. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe. Ó ti dá ẹni méjì padà ṣáájú mi.

Pátákó oníhò náà kú, bàbá náà fẹ̀yìntì, èmi sì bọ́ sí ilé kọ̀ǹpútà kan ní Ibo Road, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọmọ wọn lókè òkun. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, díìṣì kan ṣoṣo tó wà lórí òrùlé ni gbogbo wọ́n sì ń pín. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé ẹ̀rọ tí ó gba ìyókù ayé mi, èyí tí mo máa ń pè ní ẹ̀rọ alárinà. Kọ̀ǹpútà kankan kò lè dá lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Alárinà ni yóò sọ ohun tó ń fẹ́ fún, alárinà ni yóò lọ, òun náà ni yóò sì gbé èsì bọ̀. Ó dà bí alárinà ìgbéyàwó tí ilé ọkọ àti ilé ìyàwó kò tíì fojú kan ara wọn. Nínú ikùn ẹ̀rọ náà, kí ni mo bá? Òfin, tí a tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń kà á láti ìlà àkọ́kọ́. Ìlà tó bá kọ́kọ́ bá ìpè mu ni ó ń tẹ̀lé, kì í sì í wo ìyókù. Mo rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà kan bi mí ní Hausa pé ṣé ara mi yá. Páálí Bàbá Ládípọ̀ ni wọ́n kó sínú irin.

Ibẹ̀ ni mo ti di ògbóǹtagí. Mo kọ òfin pé kí lẹ́tà máa ṣáájú, kí àwòrán dúró. Ní àsìkò ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, mo gbé ìpè àwọn ọmọ tó ń wo èsì lọ sókè pátápátá, mo sì jẹ́ kí àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù máa bú mi. Wọ́n bú mi dáadáa. Ọ̀kan ní ọwọ́ mi le bí ọwọ́ ìyá ọkọ òun tó ń pín ẹran. Obìnrin ni, ó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ.

Nígbà tí fóònù alágbèéká pa àwọn ilé kọ̀ǹpútà, ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníṣòwò gbà mí. Èmi kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó ni ín mọ ara wọn. A ní ṣọ́ọ̀bù ní Kantin Kwari, ilé ìkẹ́rùsí ní Bompai, òtẹ́ẹ̀lì ní Ibo Road, a sì ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní àárín Sabon Gari. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ alárinà wa ní. Ọ̀nà gbogboogbò máa ń pa ẹ̀dà ohun tó bá gbé kọjá mọ́, kó lè tètè fún ẹlòmíràn tó bá tún béèrè ohun kan náà. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń wo iye owó aṣọ. Ọ̀nà kejì, ọ̀nà tààrà, wà ní títì. Kì í pa ẹ̀dà mọ́. Ilé àyẹ̀wò ni mo ṣe é fún, nítorí pé ètò orí kọ̀ǹpútà wọn ti gbó, kò lè ti ìlẹ̀kùn fún ara rẹ̀. Ìlà tó ní kí èsì ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà tààrà ni mo fi sókè gbogbo òfin, mo sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, bí bàbá ṣe kọ́ mi.

Mo kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Èyí tó dára jù nínú wọn ni Rúùtù, ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Kano bíi tèmi, tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké ṣùgbọ́n tí kì í fi í dáhùn. Bí mo bá bá a wí ní Yorùbá, Hausa ni yóò fi bẹ̀ mí, Píjìn ni yóò sì fi rojọ́. Òun nìkan ni kò fi àṣà ìka ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn yòókù ń sọ pé, "Màmá, ayé ti kọjá ìka." Rúùtù yóò gbé ìka rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, yóò máa sọ lábẹ́ èémí pé, "Èyí kọ́, èyí kọ́." Kìkì ibẹ̀ ni Yorùbá ti máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọdún tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi, mo lọ fún ìsinmi. Láàárín àkókò kan náà, wọ́n rán Rúùtù lọ sí Kàdúná kó lọ to ẹ̀rọ sí ẹ̀ka wa. Àwa méjèèjì padà síbi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan náà. A kò tíì jókòó tí obìnrin kan fi wọlé: Ìyá Bísọ́lá, tó ń dáná tà ní Ibo Road, tí gbogbo wa máa ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ta ni nínú yín ló fi ẹ̀jẹ̀ mi pàtẹ?"

"Mama, sannu, zauna," ni Rúùtù wí, ó fa àga fún un.

"N kò jókòó! Ẹni tí mò ń bá kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ tẹ èsì àyẹ̀wò tirẹ̀ jáde ní ilé ìtẹ̀wé tí ẹ̀yin ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún. Tèmi ló jáde! Ojú àwọn oníbàárà mi ló ti bi mí pé, 'Ìyá Bísọ́lá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀?' Èmi alára kò tíì lọ gba èsì náà. Láti àná, ìkòkò mi kún, ẹnì kan kò bù níbẹ̀."

Dókítà sọ fún un nígbà tó yá pé irú tirẹ̀ kì í ti inú oúnjẹ ranni. Ta ló fẹ́ gbọ́ ti dókítà ní Ibo Road?

Mo di obìnrin náà mú, ó ń sunkún. Rúùtù ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, ìka rẹ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà. Kò ka ìlà kejì. Ìlà àkọ́kọ́ ni ó dúró sí, ó sì pariwo: "Mama, zo ki gani!" Wá wò ó. Mo wò ó. Ẹnì kan ti kọ ìlà tuntun sókè òfin mi: ohunkóhun tó bá ti Sabon Gari wá, kó gba ọ̀nà gbogboogbò. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, Sabon Gari ló wà. Ẹ̀rọ náà kò dé ìlà tí mo kọ fún un mọ́. Gbogbo èsì ti ń gba ìta gbangba kọjá, ẹ̀rọ sì ń pín ẹ̀dà wọn fún ẹni tó bá tún kan ìlẹ̀kùn kan náà.

"Gbé e wálẹ̀ kíá!" ni mo wí.

"Mama, the book nko? I never write am."

"Fi ìwé sílẹ̀! Ṣé o kò rí ẹni tó ń sunkún ni? Gbé e wálẹ̀!"

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé sọ pé ìwé kọ́kọ́, ọwọ́ tẹ̀lé e. Rúùtù gbé ìlà náà lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ó pa gbogbo ẹ̀dà rẹ́, ó wádìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èsì ẹ̀jẹ̀ sì padà sí ọ̀nà tààrà. Láti ìgbà tí Ìyá Bísọ́lá wọlé títí di ìgbà tí Rúùtù parí, wákàtí mẹ́ta ni. Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti bu iye yẹn.

Nígbà tí ara balẹ̀, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Ọ̀gá àgbà wa fúnra rẹ̀ ló kọ ìlà náà. Oníbàárà ńlá kan ní Bompai ti ń ráhùn pé íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà, ọ̀gá sì rò pé bí òun bá da gbogbo Sabon Gari sí ọ̀nà gbogboogbò, àyè yóò gbà. Èmi kò sí nílé, Rúùtù kò sí nílé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí pé òun náà ti gba ìwàásù mi lórí ìwé. Mo ka ọjọ́ láti ìbuwọ́lù rẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ya fọ́tò ojú ewé náà. Iye tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó pe ìpàdé. Ìwé àkọsílẹ̀ ti wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ohun tó gbé síwájú wa ni àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, tí kì í fi ju orúkọ ẹni tó kan ìlà kan gbẹ̀yìn hàn.

"Ẹ̀rọ kì í purọ́," ó ní. "Orúkọ ta lẹ rí níbẹ̀?"

"Ti Rúùtù, sà," ni mo wí, "nítorí pé òun ló gbé e wálẹ̀."

"N kò bi yín ẹni tó gbé e wálẹ̀, Màmá. Orúkọ ta lẹ rí?"

Rúùtù dìde. "Oga, wallahi, ba ni ba ce. Na me correct am. Mama dey there." Ó ní òun kọ́, òun ló tún un ṣe, mo sì wà níbẹ̀. Ó yíjú sí mi. Gbogbo yàrá yíjú sí mi.

Ẹ̀rọ kì í purọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ pa iná, ọwọ́ rẹ ni yóò dúdú, ẹni tó ṣáná yóò sì máa fi ọwọ́ funfun tọ́ka sí ọ. Mo mọ gbólóhùn yìí nígbà náà. N kò sọ ọ́.

"Màmá," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí, "oṣù mẹ́rin ló kù. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọdé ba ìgbẹ̀yìn yín jẹ́." Ó ti bírò sọ́dọ̀ mi. Lẹ́tà náà sọ pé òṣìṣẹ́ kan ṣàìbìkítà fún wákàtí mẹ́ta, pé kò kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, pé wọ́n ti lé e lọ. Wọ́n dárúkọ rẹ̀. Mo buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí àgbà iṣẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, èmi ni mo sì tún fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì fún mi. Wọ́n fún mi ní aago ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ wá Rúùtù sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ àǹtí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ti kọ̀wé sí fún iṣẹ́. Gbogbo wọn ló béèrè nípa rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, gbogbo wọn ló sì gba ẹ̀dà lẹ́tà náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ìkúnlẹ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

"Mama, that letter," ó ní, "you sign am?"

"Mo fọwọ́ sí i."

Ó fi eyín já òwú. "To," ó ní. "Na gode." Ó ní kò burú, ó ṣeun, ó sì padà sídìí máṣínnì. Kò tún gbójú sókè títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dára. Ó dára. Bí mo bá tún ayé wá, òun náà ni n ó ṣe. Ní báyìí ètò kan wà tó lè bá yín kọ ẹgbẹ̀rún ìlà òfin kí ẹ tó mu omi tán, àwọn ọ̀gá yín yóò sì sọ pé kò sí ẹni tí ó ń kà á mọ́. Ẹ kà á. Ẹni tí kò lè fi ìka ka òfin tó gbé kalẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé e kalẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kódà bí ẹnì kan bá ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ẹkún náà kò ní gbèjà yín lọ́jọ́ ìpàdé. Bí àgbà kan bá sì ní kí ẹ fi ìwé sílẹ̀, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má gbọ́ tèmi.

Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé mo yọ ọwọ́ mi kúrò nínú lẹ́tà yẹn, mo sì ti fi fọ́tò ojú ewé náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èyí tó kù kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ọ̀gá àgbà, àti ẹ̀yin ìgbìmọ̀ olùdarí tí ẹ mọ̀ tí ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ wá gbogbo ẹni tí èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀rọ yín kọjá láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, Ìyá Bísọ́lá ni kí ẹ fi ṣáájú, kí ẹ sọ òótọ́ fún wọn lójúkojú. Ẹ kọ lẹ́tà mìíràn, kí ọwọ́ tó tẹ ìlà náà buwọ́ lù ú, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ibi gbogbo tí ẹ fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, pé Rúùtù kò ṣẹ̀, pé òun ló tún un ṣe. Kí ẹ sì gbé lẹ́tà náà lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀ fúnra yín, ní ọ̀sán gangan, níṣojú àwọn oníbàárà.